Ara Rẹ̀ Ń Dán, Ṣáásì Rẹ̀ Ńkọ́?

Oṣù mẹ́ta ti yí po, a tún pàdé. Ọ̀rọ̀ ọjà títà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ yín ló ti gbọ́ pé agbo ilé wa ní Ṣómólú ti ta Land Rover bàbá wa. Àwọn kan ń bi mí pé èló ló lọ, àwọn míì ní ṣe ni mo ba ọjà jẹ́. Ó yẹ kí n là á yé yín, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irin àtijọ́ lójúde lè mọ bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Ọdún 1948 ni àwọn Rover kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun àgbáyé kejì ò tíì pẹ́ tó parí, irin ṣọ̀wọ́n, wọ́n wá fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ṣáásì, ìyẹn egungun ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ ró, irin pọ́ńbélé ni. Tiwa jẹ́ Series III, irú tí wọ́n ń ṣe láti 1971 di 1985. Yàtọ̀ sí ọ̀pá gíà gan-an, ó ní ọ̀pá kékeré méjì: ọ̀kan lórí pupa, ọ̀kan lórí yẹ́lò. Tẹ olórí yẹ́lò mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa fà. Ẹrẹ̀ kì í dá a dúró.

Níbi gbàǹjo ìjọba ni bàbá wa ti rà á ní 1991. Òun la fi ń kó ẹran ọdún, òun la fi ń gbé ìlù àti àwọn àgbà lọ sí Ifẹ̀, òun náà ló kó iyanrìn tí a fi kọ́lé. Kò sì sọ́mọ ilé wa tí kò bá wa tì í rí, lọ́jọ́ tí kò bá ṣíná.

Láti ìgbà tí bàbá ti wàjà, ojúde ló wà. Ojúde Ṣómólú, ẹ mọ bó ṣe fún tó. Òrùlé ilé Ifá wa sì ń jò. A pèpàdé, torí ohun bàbá kì í ṣe ti ẹnì kan: ọkùnrin sọ̀rọ̀, obìnrin sọ̀rọ̀, a pe èyí tó wà lókè òkun lórí fóònù. A dá Ifá. Ifá ní ká ta á, ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ ọn.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní Bárígà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù kan ṣáásì lápá ẹ̀yìn, òòlù wọlé ṣinrin. Òjò ọdún pípẹ́ àti afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti fi ìpẹtà jẹ ẹ́. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, nítorí náà ọkọ̀ ń dán lókè, ó ń jẹrà nísàlẹ̀.

Àbúrò mi ní ká fi páànù bò ó, ká kùn ún lọ́dà dúdú. Ó ní ẹni tó fẹ́ rà á ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Oníbàárà kan ti pè é ní 1,500,000 náírà. Pákó ló fẹ́ máa fi kó láti inú igbó lápá Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ni yóò sì máa wà á. Bí ṣáásì bá ṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́?

Mo ní rárá. Irin ni Ògún. Tí wọ́n bá pe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sí kóòtù, irin la máa ń fẹnu kàn láti búra pé òótọ́ la fẹ́ sọ. Ẹnu tí a fi ń kan irin búra, ṣé òun náà la ó fi purọ́ lórí irin nítorí owó?

Mo pe oníbàárà, mo fún un ní tọ́ọ̀ṣì, mo ní kó wọ abẹ́ lọ wò. Nígbà tó jáde, ó dákẹ́ pẹ́. 900,000 ló san, ó ní òun yóò fi ìyókù jó ṣáásì kí ọkọ̀ tó wọgbó. Ìdajì òrùlé la rí kàn. Tapólì la ṣì ta bo ìdajì kejì. Àbúrò mi ṣì ń sọ ọ́ bó bá ti ń rí tapólì náà. Mi ò bá a jà, owó tó dùn ún dun èmi náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé ọkọ̀ ṣubú lọ́nà Ìjẹ̀bú, àyà mi ò ní já.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta tiyín, ẹ gbọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ má sáré gbé e fáwọn tó ń wọn irin lórí òṣùwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye páàtì rẹ̀ ní Ládípọ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ já màrìwò kúrò lára rẹ̀, ẹ fún Ògún ní obì, epo, iṣu sísun àti ẹmu, ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ ń yí ọwọ́ padà. Ẹ má fi ohunkóhun sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó rà á ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìwé. Àwa tá a wà láàárín àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ò gbọdọ̀ sọ pé a ò rí rìsíìtì. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì sí i, iye owó, ọjọ́, àti àbùkù tí ẹ fi hàn án, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ rí i pé ó yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì, kí ọlọ́pàá má baà wá kanlẹ̀kùn yín nítorí ohun tí ọkọ̀ ẹlòmíì ṣe.

Ní ti ọdún Ifá tó ń bọ̀, ọkọ̀ háyà la ó wọ̀ lọ sí Ifẹ̀. Kí olúkúlùkù tètè mú owó tirẹ̀ wá.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.