Ẹ Ṣírò Owó Kẹ́ Ẹ Tó Fọ́ Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ń fọ́ ilé ìdáná kó tó ṣírò owó. Wọ́n á tú síǹkì, wọ́n á họ ògiri, owó á sì tán lójijì. Ni ìyá ọmọ bá ń dáná ní kọ̀rídọ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ni ilé àti iye ọdún tẹ́ ẹ máa lò níbẹ̀ ló yẹ kó pinnu iye tẹ́ ẹ máa ná, kì í ṣe ilé ìdáná olówó tẹ́ ẹ rí lórí fóònù.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ má tíì pe bíríkìlà. Òfin tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí lórí ilé yíyá l'Ékòó lọ́dún 2011 sọ pé bí onílé bá ti fún ayálégbé láṣẹ nínú ìwé láti tún ilé ṣe, tó wá ní kó kó jáde, ayálégbé lè béèrè owó àtúnṣe náà. Inú ìwé o! "Lánlọ́ọ̀dù ṣáà gbọ́ sí i" kò tó. Òfin yìí kan náà yọ Àpápá sílẹ̀, pẹ̀lú Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Ẹni tó bá yálé ní Àpápá gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe sínú àdéhùn fúnra rẹ̀. Ní ti ilé ìdáná àjùmọ̀lò nínú àwọn ilé oníyàrá Ajégúnlẹ̀, ẹ dáwó jọ. Kí ẹnì kan má dá a ṣe.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, omi sì máa ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀. Bí ògiri bá ń rin, táìsì á ṣí, kábíńẹ́ẹ̀tì MDF á sì wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà da kọnkéré sórí búlọ́ọ̀kù dípò rẹ̀, kí káfíńtà wá fi ilẹ̀kùn sí i.

Gáàsì ló tẹ̀ lé e. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ jọ sí. Ẹ gbé sílíńdà síta, kẹ́ ẹ sì dá ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹwà. Ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀ fúnra yín. Ilé ìdáná tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2.4, jẹ́ sìkúwéà mítà 7.2. Ẹ fi ìdámẹ́wàá kún un nítorí èyí tó máa fọ́: ó di nǹkan bíi 8. Bí páálí táìsì kan bá gba sìkúwéà mítà 1.5, páálí 6 tó. Bí táìlà bá ní kẹ́ ẹ ra 10, ẹ bi í léèrè ibi tó fẹ́ lẹ ìyókù mọ́.

Ẹ má rò pé nítorí ẹ̀ ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Àpápá, ọjà á pọ́ọ́kú. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó táìsì òkèèrè wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí wọ́n dá lé ọjà lésìí kò wúlò mọ́. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà á ni kẹ́ ẹ béèrè iye rẹ̀. Nínú ₦100 tẹ́ ẹ bá ní, ẹ fi ₦15 pamọ́ fún páìpù tó lè bẹ́. Ẹ máa san owó iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ.

Bí àròpọ̀ bá ju agbára lọ, ẹ fi táìsì àti kábíńẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má torí wọn yáwó èlé orí fóònù. Omi àti gáàsì nìkan ni kẹ́ ẹ má sún síwájú.