Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Gọ́tà Orí Ilé

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìtumọ̀ òwe yìí, n kò ní dá yín dúró lórí rẹ̀: ẹni tí kò lè sáré, bó bá ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀, á tètè wọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa tí ẹsẹ̀ wa pé, a kò ṣe tó arọ. Òjò ni ogun tí mò ń wí. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, láti bí Oṣù Kẹta ló ti ń dé, á le dé góńgó ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje, á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, á sì tún gbé e dé ní Oṣù Kẹsàn-án. Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Ìkìlọ̀ wo ni a tún ń retí?

Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, àjà yàrá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìbàdàn já lulẹ̀ lóru, ó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tí òun àti ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀ nítorí pé omi ń kán sí wọn lójú. Páànù ilé náà kò lu, ìṣó rẹ̀ kò yọ. Nígbà tí káfíńtà gun òkè, gọ́tà kọnkéré tó wà lẹ́yìn páràpẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri tó yí òrùlé ká, ló bá tó kún dẹ́nu: ewé fúrúùtù, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, bọ́ọ̀lù ọmọdé kan, ìtẹ́ ẹyẹ, àti eruku ọyẹ́ tó ti di ẹrẹ̀ dúdú. Omi wá ọ̀nà, kò rí. Ó ga sókè, ó gba abẹ́ etí páànù wọlé. Ẹ gbọ́ èsì tí onílé fọ̀ lórí fóònù: "Òjò ọdún yìí ti le jù." Irọ́ ni. Òjò kò le ju bó ti máa ń le lọ. Onílé tí kì í wo gọ́tà orí ilé rẹ̀ kí òjò tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló ba ilé rẹ̀ jẹ́, kò sì sí àlàyé tó lè gba ẹ̀bi yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi tí à ń sọ. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 1 lórí àyè tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn àti mítà 1 ní ìbú, lítà omi 1 ló bọ́ síbẹ̀. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lé e lórí, tí èyí kì í sì í ṣe tuntun nínú Oṣù Kẹfà, lítà 5,000 ló gbà. Igba kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 nìyẹn, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 5. Gbogbo omi yìí, páìpù méjì tàbí mẹ́ta tí ẹnu wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni yóò gbé e wálẹ̀. Ewé fúrúùtù kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù ti tó láti dí i. Ẹni tó bá ní igi fúrúùtù tàbí mọ́ńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kò nílò wòlíì kankan láti sọ ohun tó ń bọ̀ fún un.

Láyé àwọn bàbá wa, etí òrùlé páànù yọ síta ju ògiri lọ. Omi ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ìyá wa ń gbé korobá àti dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, gbogbo ojú ló ń rí ibi tí omi ń gbà. Àṣà tó gbòde báyìí ni kí a mọ ògiri yí òrùlé ká, kí ẹni tó wà lójú títì má rí páànù rárá, kí gọ́tà sì fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri náà. N kò bá ẹwà jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kó owó ńlá sórí páànù olókùúta, bí ẹ bá bi wọ́n ìgbà tí ẹnikẹ́ni gun orí rẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n á ní ọjọ́ tí káfíńtà parí iṣẹ́ ni. Sànìtéṣọ̀n tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ láwọn ọdún 1980 kọ́ wa láti máa kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà ojú títì ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé ojú sókè.

Kì í sì í ṣe àjà nìkan ló ń bàjẹ́. Mo ti rí ọ̀dán tó hù nínú gọ́tà orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ẹyẹ ló yàgbẹ́ hóró rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ewé méjì, ìka méjì ti tó láti fà á tu. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i láti ìsàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú ògiri, ó ti la páràpẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n sì ti ń gé orí rẹ̀ ló ń rú padà. Àfìgbà tí bíríkìlà wó apá kan ògiri náà kí ó tó rí i fà yọ. Omi tó dúró lókè yẹn ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀fọn abilà tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, inú omi tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dọ̀tí, ló ń yé sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ti di tanwíji, tanwíji ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ibà yìí ló pa Dókítà Adrian Stokes ní Èkó ní 1927, bẹ́ẹ̀ ìwádìí nípa ibà náà gan-an ló gbé e wá. Àwọn wolé-wolé ayé ìjọsí mọ ohun tí wọ́n ń wá bí wọ́n bá ń yọjú wo ìkòkò omi àti dúrọ́ọ̀mù nílé onílé, tí wọ́n sì ń bu owó ìtanràn fún ẹni tí tanwíji bá wà nínú omi rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó kò sí. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn: ẹni tó bá rí owó ṣe àjà POP tuntun yóò rí owó okùn àti korobá.

Ohun èlò iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Àkàbà tó dúró ṣinṣin, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, korobá tí a so okùn mọ́, họ́ọ̀sì tó gùn dé òkè, àti ohun tí a ó fi kó ẹrẹ̀. Ní ti èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ gbàgbé ṣọ́bìrì. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì kékeré, ẹ gé ìdí rẹ̀ dànù ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè pẹlẹbẹ, kí ẹ máa fi ọwọ́ rẹ̀ dì í mú. Yóò kó ẹrẹ̀ dáadáa, kò sì ní ha nǹkankan. Ọ̀dà dúdú àti fẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tẹ́ ìdí gọ́tà kọnkéré kí omi má baà mu wọlé. Ẹnu ṣọ́bìrì lẹ́ẹ̀kan péré lè ya á, gọ́tà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ yóò wá máa jò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Irú ìbàjẹ́ kan náà ni àwọn tó ń fi irin gún páìpù tó dí ń ṣe. Irin á tú oríkèé páìpù níbi tó ti wọnú ògiri, ara ògiri ni omi á sì máa gbà láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ kò ní mọ̀ àfi tí ọ̀dà ara ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ẹnu páìpù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà dí i kí ẹrẹ̀ má baà rọ́ wọnú rẹ̀, kí ẹ wá máa kó ìdọ̀tí láti ibẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Ẹ bù ú sínú korobá, ẹ fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má ṣe máa dà á láti òkè, ẹrẹ̀ yẹn kì í bọ́rọ̀ kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àkísà, ẹ da omi láti ìpẹ̀kun tó jìnnà, kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ kí ó máa wo bó ṣe ń jáde. Bó bá ń kán tó-tó-tó, ẹ ti ìsàlẹ̀ ki họ́ọ̀sì bọ páìpù, kí agbára omi lè ti ohun tó há síbẹ̀ padà sókè. Ibi tí omi bá dúró sí tí kò lọ, ẹ sàmì sí i. Gọ́tà gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ páìpù. Bíríkìlà ló lè tún ìyẹn ṣe, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni kí ó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ́ nẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ lé ẹnu páìpù, wọ́n á ní àwọn ti dí ewé lọ́nà. Ewé á sùn sórí nẹ́ẹ̀tì náà, páìpù á tún dí. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà yọrí sókè bí agbọ̀n tí a dojú rẹ̀ dé, kí omi lè rí ẹ̀gbẹ́ gbà nígbà tí ewé bá bo ìdí rẹ̀. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà rẹ̀: ihò kan lára páràpẹ́ẹ̀tì, tó ga ju ẹnu páìpù lọ, tó sì rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ. Bí páìpù bá dí, ihò yìí ni omi á gbà tú síta, gbogbo àdúgbò á rí i, yàrá á sì gbẹ. Kò ná ju páìpù kúkúrú kan lọ, ilé tí mo sì ti rí i kò pọ̀.

Kò sí gọ́tà tó tó ẹ̀mí ènìyàn. Bí ibi tí orí àkàbà fara tì bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ìdí ògiri ní mítà 1, kí ẹnì kan sì di ẹsẹ̀ náà mú. Ẹ má gbé e ti gọ́tà onípáànù tàbí oníke, yóò tẹ̀. Ẹ wo wáyà iná kí ẹ tó gbé àkàbà irin dìde, nítorí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, etí òrùlé gan-an ni wáyà ń gbà wọlé. Ẹ má sì rán ọmọ ọlọ́mọ gun òkè nínú òjò nítorí pé omi ti wọlé dé bá yín.

Títí dé ibí, ẹjọ́ onílé ni mò ń dá. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà tí n kò lè gbójú fò: òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Onílé ẹ̀gbọ́n mi, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Lọ́hùn-ún, bí ewé bá ti wọ́ tán nínú Oṣù Kọkànlá, ó ń sanwó fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá gígùn fa ìdọ̀tí jáde nínú gọ́tà rẹ̀ láti ilẹ̀, láìgun àkàbà. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó mọ ìgbà rẹ̀. Ogun tí yóò dé bá òun nìkan ló múra dè. Arọ inú òwe àkọ́kọ́ gbọ́n nítorí pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ogun ń bọ̀ wá gbà. Ní ti ilé tí a fi háyà, ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ ọ̀tọ̀, ẹni tí òjò ń pa ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ká máa wàásù fún onílé nìkan kò lè tó. Àṣẹ láti gun orí ilé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn yín pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni a ó máa fọ gọ́tà orí ilé: ní ìparí Oṣù Kejì nígbà tí ọyẹ́ bá ti kúrò, àti nígbà tí òjò bá sinmi nínú Oṣù Kẹjọ. Kí kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà orí òrùlé wà nílé, kí owó tí ẹ bá ná sì kúrò nínú owó ilé. Ẹ má sọ pé, "Ṣé ilé bàbá mi ni?" Bẹ́ẹ̀dì yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tó ń dáwó ṣe géètì, tó ń dáwó san owó ọlọ́dẹ, lè ra àkàbà gígùn kan tí gbogbo ojúlé á máa yá lò. Ẹ̀yin onílé tí ẹ wà lókè òkun, mo bẹ̀ yín, owó tí ẹ fi ń fọ gọ́tà yín lọ́hùn-ún, ẹ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí Oṣù Kẹta tó wọlé, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya fọ́tò ìdí gọ́tà náà fún yín lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ lè fojú ara yín rí i pé ó mọ́.