Àdéhùn Ẹnu Kì Í Ra Ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ ilé rírà àti ilé títà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí òwe yìí ń bá wí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti fi Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti àwọn ìlú mìíràn níbẹ̀ ṣe ibùjókòó, tí wọ́n sì ti di onílé. Nígbà mìíràn, àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wọn nílé ni ó ń bá wọn dá owó náà jọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó wà lókè òkun, ó sì kan ẹni tó wà nílé.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí mọ̀ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. A ó pe ẹlẹ́rìí, a ó rin ààlà, a ó sì san owó lójú gbogbo wọn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1989 sọ pé àdéhùn ilé tàbí ilẹ̀ títà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, tí gbogbo ohun tí a fẹnu kò sí wà nínú rẹ̀, tí olùtà àti olùrà sì buwọ́ lù ú. Bí ogún ẹlẹ́rìí tilẹ̀ jókòó nígbà tí olùtà sọ pé òun ti gbà, ó lè yí ohùn padà lọ́la bí ẹlòmíràn bá mú owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Olùrà náà lè fà sẹ́yìn. Ọjọ́ tí àwọn lọ́yà méjèèjì bá ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ náà ni olùrà sábà máa ń san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé ní àsansílẹ̀. Bí ó bá yẹ àdéhùn lẹ́yìn èyí, owó náà lè wọgbó.

Àwọn ènìyàn wa a máa pe olùtà tó yí ohùn padà ní ọ̀dàlẹ̀. Ní tèmi, ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó. Àkókò tó wà láàrin ìfẹnukò àti pàṣípààrọ̀ ìwé ni olùrà fi ń la ojú rẹ̀. Olùtà kò gbọdọ̀ purọ́ bí a bá bi í léèrè, ṣùgbọ́n kò di dandan pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ògiri ti ń sán. Ọrùn olùrà ni ìwádìí wà. Kí ó wá onímọ̀ tí yóò yẹ ilé náà wò láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Kí lọ́yà rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ìjọba wò, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1862. Bí ó bá jẹ́ fúláàtì ni, kí ó béèrè iye ọdún tó kù lórí rẹ̀, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà iye ọdún kan ni a ń rà, kì í ṣe ilẹ̀ tí ilé dúró lé. Bí ọdún náà bá kù díẹ̀, báńkì lè kọ̀ láti yáni lówó lórí rẹ̀.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Bí ènìyàn méjì bá jọ ra ilé, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ní in. Ní ọ̀nà kìíní, bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ilé di ti èkejì. Ìwé ìpíngún kò lè yí i padà. Ní ọ̀nà kejì, olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ọmọ Yorùbá tó gbà pé ọmọ ní í jogún bàbá lè buwọ́ lu ọ̀nà kìíní láìmọ̀, kí àwọn ọmọ tó ti bí níbòmíràn sì wá ibi tí wọn yóò dúró sí tì. Bákan náà ni ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó da owó pọ̀, tí wọ́n fi ilé sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nítorí òun ni báńkì gbà láti yá lówó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé lè lọ sí ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò gbé ẹrù ẹ̀rí, owó lọ́yà níbẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ọmọ ìyá béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ ìyá, àìfọkàntán ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa fọkàn tán ara wọn, síbẹ̀ wọ́n gbin pèrègún sí ààlà oko. Kì í ṣe pé wọ́n pe aládùúgbò ní olè. Kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan parí sí ni wọ́n ṣe gbìn ín. Ìwé tí lọ́yà yóò kọ, tí yóò sọ iye tí olúkúlùkù dá àti ìpín tó tọ́ sí i, ni pèrègún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ̀yin òbí tó ń fi owó ilé ránṣẹ́ sókè òkun béèrè ìwé náà kí owó tó jáde, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ẹ̀yáwó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.