Erin ṣì wà ní Igbó Ọmọ

Erin ṣì wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lágbègbè J4, nínú Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọdẹ àtijọ́ wà lára àwọn tó ń ṣọ́ wọn báyìí. Láti ọdún 1977 ni UNESCO ti ka igbó náà mọ́ àwọn tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Síbẹ̀, àwọn agégẹdú kò sinmi, oko kòkó sì ń wọnú rẹ̀. Ẹ̀bi àgbẹ̀ nìkan kọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti jẹun. Ìbéèrè wa fún ìjọba ni pé: ilẹ̀ wo ni kí àwọn àgbẹ̀ máa dáko sí? Kí ìdáhùn tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lásìkò.