Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi oòrùn ya àwòrán

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò kẹ́mísìrì WAEC pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí a bá da silver nitrate sínú omi iyọ̀. Wéré ni yóò dáhùn pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun ni yóò yọ. Ẹ tún bi í pé bí a bá gbé e sínú oòrùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni yóò dákẹ́, nítorí pé wọn kò gbé e síbẹ̀ rí. Ńṣe ni funfun náà yóò dúdú. Inú dídúdú yìí ni iṣẹ́ fọ́tò ti jáde.

Ní 1839, William Henry Fox Talbot ṣàlàyé ní Lọ́ńdọ̀nù bí òun ṣe ń fi iyọ̀ àti silver nitrate pa bébà, tí oòrùn sì ń ya ewé tí òun gbé lé e. Ní 1842, John Herschel rí i pé èròjà tó ní irin nínú náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀nà ti Herschel yìí ni a fẹ́ kó wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Kò gba kámẹ́rà, kò gba iná mànàmáná. Wọ́n á po ferric ammonium citrate àti potassium ferricyanide mọ́ omi, wọ́n á fi pa bébà níbi tí oòrùn kò dé. Bó bá gbẹ, wọ́n á gbé ewé lé e, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á sì fi omi ṣàn án. Ibi tí ewé bò yóò funfun, ìyókù yóò di búlúù bí aṣọ tí a rẹ sínú aró.

Àmọ́ o, kí olùkọ́ dúró tì wọ́n, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí ásíìdì líle má sì dé ìtòsí, nítorí gáàsì olóró lè jáde.

Àwọn kan yóò ní owó dà? Ìwọ̀nba èròjà díẹ̀ ló tó kíláàsì kan, oòrùn sì rèé, ọ̀fẹ́ ni.

Bákan náà, àwọn bàbá ayafọ́tò tó fi yàrá òkùnkùn jẹun kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣì wà láàrin wa. Kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún àwọn ọmọ, kí ìmọ̀ náà tó bá wọn wọlẹ̀.

A rọ àwọn kọ́míṣánnà ètò ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ìròyìn kò tó àfojúbà.