Ta Ni Ó Ni Ọdún ní Àbújá?

Owó ni púpọ̀ ènìyàn bá wá sí Àbújá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó ń wo ohun tí ó wà lára owó tí ó wọ̀ wọ́n lápò. Iwájú ₦100 ni àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpáta Zuma wà, àpáta tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba títì Kàdúná bọ̀ yóò rí kí ó tó wọ olú-ìlú. Iwájú ₦20 ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ṣe òfin tí ó dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976. Ẹ̀yìn owó náà ni Ladi Kwali wà, obìnrin amọ̀kòkò, ọmọ Gbagyi láti ìlú Kwali, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn tí òfin náà gba ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ wà lára bébà kan ṣoṣo, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba, òwò tàbí ẹ̀kọ́ gbé dé Àbújá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ láìmọ ẹni tí ó gbà wọ́n lálejò. Wọ́n mọ mínísítà, wọ́n mọ alága káńsù, wọ́n mọ ẹni tí ó ń gba owó ilé. Wọn kò mọ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé nílé, Yorùbá tí ó bá dé ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó bèèrè ẹni tí ó tẹ ibẹ̀ dó, ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ àti ìgbà tí ọdún wọn ń bọ́ sí, kí ó má baà ṣèèṣì tẹ èèwọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Kí ni ó dé tí ìbéèrè náà fi ń gbàgbé sí ojú ọ̀nà kí ènìyàn tó kọjá Lọ́kọ́ja?

Nígbà tí ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1975 láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága rẹ̀. Ara ìdí tí wọ́n fi yan àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí ni pé kò sí lábẹ́ ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀yà ńláńlá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, ó di pé ilẹ̀ náà kò ní olówó rárá. Ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 8,000 kìlómítà níbùú-lóròó, tí wọ́n gé lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ìgbà náà, kì í ṣe igbó aláìlẹ́nìkan. Àwọn Gbagyi, tí àwọn Haúsá ń pè ní Gwari, wà níbẹ̀. Àwọn Koro, Gade, Bassa àti Gwandara wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Garki, Wuse, Maitama àti Asokoro, tí àwọn ọlọ́lá ń fi ilé kíkọ́ síbẹ̀ yangàn lónìí, orúkọ abúlé ni wọ́n kí wọ́n tó di orúkọ àdúgbò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ìjọba ní lọ́kàn ni láti kó gbogbo àwọn onílẹ̀ jáde, kí wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú fún wọn. Nígbà tí ìnáwó náà pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ dúró máa gbé níbẹ̀. Àwọn ará Wuse wà lára àwọn tí ó kó lọ. Ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n tún ìlú wọn tẹ̀ dó sí, orúkọ rẹ̀ sì ni Sabon Wuse, èyí tí í ṣe Wuse tuntun ní èdè Haúsá. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó jẹ́ láti fi agboolé, ojúbọ àti ibojì bàbá ẹni sílẹ̀ yóò mọ̀ pé orúkọ náà wúwo ju ìlú kékeré tí ó ń jẹ́ ẹ lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé kò sí ohun wíwò ní Àbújá ju títì aláfẹ̀ àti ilé gogoro lọ kò tíì rìn. Àpáta Zuma ńkọ́? Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ Niger ni ó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ń pè é ní ẹnu ọ̀nà Àbújá. Ẹni tí ó bá dúró létí títì yóò rí ohun tí ó jọ ojú àti ẹnu ènìyàn lára rẹ̀. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ará agbègbè náà ń sá pamọ́ sí nígbà ogun. Ẹ̀gbá kankan kò nílò kí wọ́n ṣe àlàyé èyí fún un. Ogun jihad àwọn Fúlàní ni ó lé ìdílé ọba Haúsá ti Sàríà kúrò nílé, Abu Ja tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì tẹ ìlú dó ní ọdún 1828. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun fọ́ ìlú wọn dé abẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́. Ọdún méjì péré ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì, ìsáǹsá ogun ni ó sì tẹ̀ wọ́n dó. Orúkọ ìlú Abu Ja ni ìjọba gbé fún olú-ìlú tuntun. Wọ́n wá sọ ìlú tí ó ni orúkọ ní Suleja. Bàbá tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan lè fi ọ̀sán kan ṣoṣo kọ́ ọ ní ìtàn Haúsá, Gbagyi àti Ẹ̀gbá pọ̀.

Suleja náà ni Michael Cardew, òyìnbó ará Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ladi Kwali darapọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1954. Kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ilé. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í yí ìkòkò lórí ẹ̀rọ. Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ ni ó ń yí ìkòkò po, tí yóò máa rọ amọ̀ lé amọ̀, tí yóò sì fi igi fín alángbá, ejò àti àkeekèé sí i lára. Iṣẹ́ yìí ni ó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1977, ó sì di olóògbé ní ọdún 1984. Ní Ushafa, abúlé Gbagyi tí Ààrẹ Clinton ti Amẹ́ríkà ṣe àbẹ̀wò sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, àwọn obìnrin ṣì ń mọ ìkòkò. Ó ṣeni láàánú pé ààrẹ ilẹ̀ òkèèrè ti dé ibi tí ọ̀pọ̀ olùgbé Àbújá kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Àwọn obìnrin Gbagyi yìí kan náà kì í ru ẹrù lórí bí ti àwọn yòókù. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé orí ni ọba ara, kò sì yẹ kí a di ẹrù lé ọba. Yorùbá tí ó ń bọ orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi irú èyí rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2005, nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ̀dún Abuja Carnival sílẹ̀. Ète rẹ̀ dára. Àwọn ìpínlẹ̀ kó oníjó, onílù àti eégún wá. Ẹṣin rìn, ọkọ̀ ojú omi tú ní adágún Jabi, àwọn ọmọdé sì rí ohun tí wọn kò rí rí. Láti ìgbà náà, ọdún kan a wáyé, òmíràn a fò ó. Bí owó bá jáde, a ṣe é. Bí owó kò bá jáde, ó di àmọ́dún. Àwọn Gbagyi wà níbẹ̀, bí ẹgbẹ́ kan láàárín ẹgbẹ́ púpọ̀, wọ́n ń dúró kí ó kàn wọ́n kí wọ́n tó jó ní ilẹ̀ bàbá wọn. Eégún tí wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì kó wá láti ilẹ̀ Yorùbá, tí kò sí ẹni tí ó lè ki oríkì ilé tí ó ti jáde láàárín èrò, aṣọ rẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn rí wò.

Kì í ṣe pé ìjọba kò lè ṣe àjọ̀dún ńlá. FESTAC tí wọ́n ṣe ní Èkó láti 15 January dé 12 February 1977 kó àwọn ènìyàn dúdú jọ láti gbogbo ayé, títí di òní ni orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àdúgbò kan ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe é. Ohun tí yóò máa padà wá lọ́dọọdún ní láti ní agboolé kan tí ojú yóò tì bí kò bá wáyé.

Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí. Lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè bóyá ọdún yóò wáyé. Àtáọ́jà mọ iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn àwòrò mọ iṣẹ́ tiwọn, ọjọ́ tí wọn yóò tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún kì í yẹ̀, Arugbá, wúńdíá láti ìdílé ọba, a sì gbé igbá ọdún lọ sí igbó Ọ̀ṣun. UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, ọdún kan náà tí Abuja Carnival bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó wà nídàálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ń gé igi igbó náà, tí wọ́n sì fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀, àlejò wà lára àwọn tí ó dìde láti gbà á sílẹ̀: Susanne Wenger, ará Austria, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ẹni tí ó di olóògbé ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Kò gba ọdún lọ́wọ́ onílé. Ẹ̀yìn onílé ni ó dúró sí.

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tún fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Ohun tí ó ń fa ọmọ Ìjẹ̀bú láti Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù wálé ni ẹgbẹ́ rẹ̀, régbérégbé tí wọ́n bí ní sáà kan náà. Aṣọ ẹgbẹ́ wà tí yóò rà, ìjókòó rẹ̀ wà láàárín ẹgbẹ́, bí kò bá sì wá, wọn yóò bèèrè rẹ̀. Ọdún tí ó ń bèèrè ẹni tí kò wá, ikú rẹ̀ jìnnà.

Àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí yóò wí pé ìbọ̀rìṣà ni gbogbo èyí. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti má bọ ohun tí wọn kò gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ ṣe lọ́dọ̀ Awùjalẹ̀ ni ó di Ojúde Ọba, àwọn onígbàgbọ́ sì ń bá wọn jókòó níbẹ̀ láìsí ìjà. Kò sì sí ẹ̀sìn tí ó ka wíwo ìkòkò Ushafa tàbí àpáta Zuma léèwọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe kò ṣòro. Kí wọ́n bá àwọn ọba àti àgbà Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ yòókù jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ àpáta, igbó àti ojúbọ wọn tí ó kù sílẹ̀ kí wọ́n tó pín ilẹ̀ náà fún ẹni tí yóò kọ́ ilé. Ní Mpape, wọ́n ti fọ́ òkúta títí kòtò rẹ̀ fi di adágún tí àwọn èwe ń lọ ya àwòrán níbẹ̀. Bí a bá fi ilẹ̀ bí wọ́n ti ń fi í lọ, irú kòtò bẹ́ẹ̀ nìkan ni yóò kù fún ìran wíwò. Kí owó àjọ̀dún kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn onílẹ̀, kí ọdún tiwọn, ní ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn bá dá, jẹ́ ìdí tí àwọn yòókù yóò fi wá.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìpàdé wọn kò gbọdọ̀ mọ sórí owó ìsìnkú àti aṣọ ẹbí. Kí wọ́n gba ọkọ̀ fún àwọn ọmọ wọn lọ sí Ushafa àti Kwali, kí ìyá amọ̀kòkò fi amọ̀ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà bá rọgbọ, kí wọ́n kó wọn lọ sí Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún. Ọmọ tí wọ́n bí sí Nyanya tàbí Kubwa, tí òkú bàbá àgbà nìkan ni ó ń gbé e délé, kò ní mọ ilé rẹ̀ ju ibojì lọ.

Bí ìjọba bá sì tún fẹ́ ṣe Abuja Carnival, Sabon Wuse ni ó yẹ kí ìwé ìpè kọ́kọ́ dé. Kí àwọn àgbà ibẹ̀ wá, kí wọ́n dúró ní Wuse, kí wọ́n ṣe ohun tí àwọn bàbá wọn ń ṣe níbẹ̀ bí ó bá ti wù wọ́n, kí ìpínlẹ̀ kankan tó gbé ìlù tirẹ̀.