Ooru tó ń bá èéfín lọ, owó ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí èéfín bá ń rú lórí ilé-iṣẹ́, ta ló ń rò ó pé owó ló ń gòkè lọ yẹn? Edward Green, ará Wakefield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rò ó. Lọ́dún 1845 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, economiser. Ó to páìpù irin sójú ọ̀nà tí èéfín bọ́ílà ń gbà jáde, omi sì ń gba inú wọn kọjá, kó ti gbóná kó tó dé inú bọ́ílà. Bí èédú tí wọ́n ń dáná sun ṣe dín kù nìyẹn.

Ibi tó wù mí jù rèé o: dúdú èéfín máa ń lẹ̀ mọ́ páìpù, tó bá ti nípọn, ooru ò ní wọlé mọ́. Green wá ṣe irin tó ń lọ sókè-sódò, tó ń ha páìpù láìdúró. Lójú tèmi, irin yẹn ló sọ E. Green & Son di ńlá. Ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ wọ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì.

Níbí ńkọ́? A kì í wá owó ẹ̀rọ tuntun tì. Owó ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni ìjà. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń pariwo owó gáàsì, ta ló ń ha páìpù yín?